Ẹ Jẹ́ Ká Sọ̀rọ̀ Lóhùn Kan

Mo kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé kan lọ́jọ́ karùn-ún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aṣáájú tí wọ́n ṣe fún àwa òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yunifásítì àti àwọn ará ẹ̀ka kọ̀ǹpútà.

Àwọn kan ní agídí ni. Àwọn kan ní àìkàwé ló ń dà mí láàmú. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ fúnra yín dá ẹjọ́ rẹ̀.

Mi ò lọ sí yunifásítì, mo kàn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni. Ìgbálẹ̀ ni mo gbé wọ ilé ìkàwé yẹn. Mò ń nu eruku orí ìwé, mò ń ka ẹ̀yìn wọn, mò ń béèrè ìdí tí èyí fi jókòó ti ìyẹn. Bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí ẹ̀ka katalọ́ọ̀gì nígbà náà rí i pé mo máa ń dá ìwé tó bá ṣìnà padà sí àyè rẹ̀, ló bá fún mi ní káàdì àti bírò. Katalọ́ọ̀gì ni àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé tó wà nílé: ta ló kọ ọ́, kí ni àkọlé rẹ̀, orí pẹpẹ wo ló wà. Ìwé tí kò bá sí nínú katalọ́ọ̀gì, bó tilẹ̀ wà lórí pẹpẹ, ẹni tó sọnù ni. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí àwọn tó gboyè ń sá fún un, èmi jókòó tì í. Nígbà tí bàbá yẹn kú, wọ́n ní kí n máa ṣe adelé títí wọn yóò fi rí ẹni tó yẹ. Ọdún mẹ́fà kọjá. Wọn ò rí ẹni tó yẹ, wọn ò sì pe èmi náà ní ẹni tó yẹ.

Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá Àgbà ilé ìkàwé ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kì í sì fọ̀rọ̀ ṣeré.

"Ẹ jókòó, mà. Ìgbìmọ̀ ti gbà. Bí ẹ bá gba ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aṣáájú tó ń bọ̀ yìí, a ó fi dípò ìwé gíga tí ẹ ò ní. Wọn á yọ adelé kúrò lára yín, ẹ ó di olórí ẹ̀ka pátápátá."

"Bí mi ò bá wá gbà á ńkọ́, mà?"

"Nínú àwọn tó bá gbà á ni wọ́n á ti mú ẹlòmíì."

Ó yé mi. Ọ̀rọ̀ tó yéni kì í gùn.

Yàrá ìpàdé tó wà ní àjà kẹta ni wọ́n kó wa sí, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kán omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ti fi bébà ńláńlá lẹ gbogbo ògiri. Àwa méje ni. Mẹ́ta wá láti ilé ìkàwé: èmi, ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Alóǹtẹ̀, nítorí ìdí tábìlì ìyáwèé ló ń jókòó sí, tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé bí ẹni ń pa eṣinṣin, àti ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ìwé ìròyìn, tí kì í sọ̀rọ̀. Mẹ́rin wá láti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ló ṣáájú wọn, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ máa ń dán ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ wa wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "ìran". Ó ní aṣáájú tí kò ní ìran, afọ́jú ni. Ìran níhìn-ín, ìran lọ́hùn-ún. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹtàdínlógún, torí mò ń kà á, mo nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìran wo ni? Ṣé èyí tí à ń wò ni, àbí èyí tí à ń bí?"

Alóǹtẹ̀ fi fáìlì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ìbéèrè tó jinlẹ̀ nìyẹn, mà," ni olùkọ́ wí. Ó kọ ọ́ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kò sì dáhùn. Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é ní Bàbá Ìran lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ó ní ká máa ṣubú sẹ́yìn sọ́wọ́ ara wa, kí ìgbẹ́kẹ̀lé lè wà láàárín wa. Alóǹtẹ̀ kì í ṣe ènìyàn kékeré. Ó fara lé Ọ̀gá Ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì bá ara wọn nílẹ̀.

"Ìgbẹ́kẹ̀lé ti dé o," ni Alóǹtẹ̀ wí látilẹ̀. "Ẹ bá mi wá bàtà mi."

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ gidi dé. Bàbá Ìran ní ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kan yọrí kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. Òfin rẹ̀ ni pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bó bá ku ẹyọ ẹnì kan, iṣẹ́ ò tíì yọrí. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ní òun ti ní iṣẹ́ nílẹ̀. Ìbejì ni.

Ìbejì ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ méjì tó bá wà nínú katalọ́ọ̀gì fún ìwé kan ṣoṣo. Wọ́n wà lóòótọ́. Ọwọ́ ènìyàn ló tẹ katalọ́ọ̀gì, ọwọ́ ènìyàn sì máa ń rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó wà lábẹ́ Ọ̀gá Ẹ̀rọ, tí à ń pè ní Ọmọge Kóòdù, ti kọ ètò kan tó ń wá ìbejì kiri láàárín ìwé àpilẹ̀kọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi gboyè. Ètò náà rí ẹgbàajì ó lé igba.

"Bọ́tìnì kan ṣoṣo," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí. "A ó tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Katalọ́ọ̀gì á mọ́ tónítóní."

"Ìwé tó ni àkọsílẹ̀ tó bá parẹ́ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kí la tún fẹ́ fi ẹ̀dà kejì ṣe, mà? Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n á lọ̀ wọ́n di bébà ìnuwọ́. Àyè á ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, a ó kó kọ̀ǹpútà àgbà tuntun síbẹ̀."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ ipò yẹn, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo yọ ojú ewé kan nínú ìwé tí wọ́n to àwọn ìbejì sí, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí i, kí n lè fọwọ́ sí i láìṣiyèméjì. Mo ní kí n yẹ ogún péré wò.

Èyí àkọ́kọ́ tí mo mú, "Agbara Eje" ló wà nínú ìwé wọn, ẹ̀rọ sì sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló wà, kí wọ́n pa méjì rẹ́. Mo fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ lórí pẹpẹ. Ọ̀kan ni Agbára Ẹ̀jẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ló kọ ọ́, lórí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Ìkejì ni Agbára Ẹ̀jẹ́, ti akẹ́kọ̀ọ́ òfin, lórí ìbúra níwájú adájọ́. Ìkẹta ni Agbára Èje, ti onímọ̀ ìṣirò, ojú ewé méjìléláàádọ́ta lórí nọ́ḿbà kan ṣoṣo. Mi ò mọ ohun tó rí nínú èje, àmọ́ ó jókòó kọ ọ́.

Mo fa "Itoju Ile" yọ. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ lórí ilé tó ń jò, èkejì ń sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ oko. Mo ń fà wọ́n yọ, òógùn ń bò mí. Nínú ogún, mọ́kànlá kì í ṣe ìbejì rárá. Ojú wọn ló jọra, wọn ò bá ara wọn tan. Bẹ́ẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan la ní nínú wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù ọjọ́ Ajé ì bá kó wọn lọ, kò sì ní sí ibòmíì tí èèyàn ti lè rí wọn.

Mo mọ ohun tó fà á lójú ẹsẹ̀. Èmi àti bàbá arúgbó yẹn la fọwọ́ ara wa tẹ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí gbogbo àkọlé, ọdún mẹ́ta gbáko. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í tẹ àmì bí wọ́n bá ń wá ìwé, nítorí náà ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ṣe àkọlé tí kò lámì pamọ́ sẹ́yìn èyí tó lámì. Èyí tí kò lámì yẹn ni ètò wọn fi ń wá ìbejì.

Mo padà sókè. Wọ́n ti ń mu tíì. Mo sọ ohun tí mo rí nínú ogún tí mo yẹ̀ wò fún wọn, mo sì gbé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ níwájú Ọmọge Kóòdù.

"Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ èyí. O ò fi orúkọ òǹkọ̀wé wéra ni?"

Ó wo ilẹ̀. "Mo yọ orúkọ kúrò, mà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ má bínú o, mà. Ẹ̀yin ará katalọ́ọ̀gì lẹ kọ ọ́ lóríṣiríṣi. Níbì kan ẹ fi orúkọ bàbá ṣáájú, níbòmíì ẹ fi gbẹ̀yìn, níbòmíì ẹ̀wẹ̀ lẹ́tà kan lásán lẹ kọ. Tí mo bá fi orúkọ sí i, kì í rí ìbejì kankan."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀bi wa ni. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Ẹ̀rọ gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Màmá Katalọ́ọ̀gì, ogún péré lẹ yẹ̀ wò nínú ẹgbàajì. Ṣé torí ẹ̀pà kan tó rà, ká da gbogbo apẹ̀rẹ̀ nù?"

"Ọ̀gá, nínú ogún ẹ̀pà, mọ́kànlá ló rà. Ẹ̀yin ẹ máa jẹ ẹ́?"

Alóǹtẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, tíì gbà á lọ́fun. Mo ní kí wọ́n fún mi lóṣù mẹ́rin, màá yẹ gbogbo rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Bàbá Ìran mirí tàánú-tàánú.

"Mà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí parí lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tí mò ń rí níbí ni ìbẹ̀rù àyípadà. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́."

"Sà, mo kúrò nídìí ìgbálẹ̀ bọ́ sídìí káàdì, mo kúrò nídìí káàdì bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà. Àyípadà wo ló kù tí yóò dẹ́rù bà mí?"

Ó kọ "ìbẹ̀rù àyípadà" sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Nílé lọ́jọ́ kẹrin, àbúrò mi obìnrin pè mí lórí fóònù, torí mo ti tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé ó lè jẹ́ pé mi ò ní fọwọ́ sí ìwé náà. Tíṣà ni. Inú rẹ̀ ti ń dùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wí pé ẹ ò ní fọwọ́ sí? Mo ti sọ fún gbogbo tíṣà ilé ìwé wa pé ẹ ti di olórí ẹ̀ka o."

"Ta ló rán ẹ?"

"Inú mi ló dùn! Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tán, ẹ á tún un ṣe."

"Ohun tó bá ti parẹ́, báwo ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló tiẹ̀ ń ka àwọn ìwé yẹn?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí, torí mi ò ní èsì rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má sẹ́ni tó ń kà wọ́n. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ní kà láéláé ni mo fẹ́ fi ipò mi dù, àbí kí ni?

Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni bàbá àwọn ọmọ mi. Ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti ibi tó ti ń fọ ọwọ́.

"Kí lẹ rí sí i?" ni mo bi í.

"Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, a ṣe ibòji irin kan sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé ojú ibì kan ò jó wọnú ara wọn. Ọ̀gá mi ní kí n fi ọ̀dà kùn ún. Mo kùn ún. Ó dán gbinrin."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Irin náà ṣì wà níbẹ̀ dòní." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Èmi kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ni."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lọ wo bọ́ọ̀lù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Alóǹtẹ̀ dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Ọ̀rẹ́ mi, má kó wa sí wàhálà. Bí o ò bá fọwọ́ sí i, ó lè jẹ́ pé gbogbo wa la máa lọ lọ́wọ́ òfo."

"Ṣé o ti rí àwọn ìwé yẹn?"

"Mi ò fẹ́ rí wọn. Tí mo bá rí wọn, mi ò ní lè fọwọ́ sí i."

Ó kéré tán, kò pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà wá jókòó lẹ́yìn yàrá. Wọ́n ń gbé ìwé náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọ̀gá Ẹ̀rọ fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìlà gígùn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù ní ẹ̀ka rẹ̀ fọwọ́ sí i, Ọmọge Kóòdù ló gbẹ̀yìn wọn, bírò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ. Ọkùnrin ìwé ìròyìn fọwọ́ sí i. Alóǹtẹ̀ fọwọ́ sí i láìwò mí. Ó kàn mí.

Mo dìde. Mo kọ AGBARA EJE gàdàgbà sórí bébà ńlá, láìfi àmì kankan sí i.

"Sà, ẹ bá wa kà á."

"Agbára Ẹ̀jẹ̀," ni Bàbá Ìran wí.

"Ọ̀gá Ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀jẹ̀ náà ni. Kí ló tún lè jẹ́?"

"Agbára Èje," ni ẹnì kan wí. Ọkùnrin ìwé ìròyìn ni. Gbogbo wa yíjú sí i. Ojú tì í. "Nọ́ḿbà ni mo kọ́kọ́ rí. Mo máa ń ta tẹ́tẹ́."

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá. Bàbá Ìran dúró kó rọlẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Mà, aṣáájú gidi mọ ìgbà tó yẹ kó fi èrò tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lóhùn kan."

"Sà, èdè tí à ń sọ yìí, ohùn mẹ́ta ló ní. Ẹ sọ ọ́ lóhùn kan kí n gbọ́."

Ó nawọ́ sí bírò bí ẹni fẹ́ kọ ọ́ sórí bébà.

"Ẹ gbìyànjú. Orúkọ ara yín péré, ẹ pè é lóhùn kan. Bí ẹ bá dá ara yín mọ̀, màá fọwọ́ sí i."

Omi amúlétutù ń kán sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá Àgbà dìde.

"Ṣé ẹ ò ní fọwọ́ sí i, mà?"

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Ẹ mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ lè fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sábẹ́ pé ẹ ń ṣiyèméjì."

"Ẹ̀rọ tó fẹ́ pa wọ́n rẹ́ ò mọ iyèméjì kà, mà."

Ó wò mí, ó wo bébà tí mo kọ nǹkan sí, ó wò ó pẹ́. Ó yíjú sí Ọ̀gá Ẹ̀rọ. "Ẹ má tẹ bọ́tìnì yẹn. Ẹ dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Kí wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan."

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Mo ti fẹ́ jókòó. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìran ní ìwé ẹ̀rí méje nínú àpò rẹ̀, ó sì pín mẹ́fà. Ó ní àwọn mẹ́fà ti ṣe ipa tiwọn. Ó ní ti èmi, òun kò lè fi orúkọ òun sábẹ́ pé mo ní ẹ̀mí àjùmọ̀ṣe. Ọ̀gá Àgbà gbọ́. Ó gbé fáìlì rẹ̀, ó jáde. Ẹni tó gbà mí gbọ́ lórí ìwé, kò gbà mí gbọ́ lórí ipò. Àwọn nǹkan méjèèjì lè gbé inú ènìyàn kan pọ̀, mo ti wá mọ̀.

Alóǹtẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka katalọ́ọ̀gì. Ó wá bá mi ní yàrá iṣẹ́, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn bí àlejò.

"Ọ̀rẹ́ mi, mi ò tọrọ rẹ̀ o. Wọ́n kàn pè mí ni."

"Wọlé. Kọ́kọ́rọ́ nìyí. Dúrọ́ọ̀ kejì tábìlì yìí kì í pa dé àfi tó o bá fi orókún tì í."

"Ṣé ò ń bínú sí mi?"

"Mò ń bínú. Orókún ọ̀tún, tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Oṣù mẹ́rin gan-an ni iṣẹ́ náà gbà. Èmi àti Ọmọge Kóòdù la ṣe é lábẹ́ ilẹ̀, èmi lórí àkàbà, òun lórí kọ̀ǹpútà. Mo ń pe àkọlé, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì. A tún orúkọ àwọn òǹkọ̀wé kọ ní ọ̀nà kan ṣoṣo, torí ẹ̀bi tiwa nìyẹn, mi ò fẹ́ kó kú sọ́rùn ẹlòmíì. Nínú ẹgbàajì ó lé igba, ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ọ̀ọ́dúnrún kì í ṣe ìbejì. Wọ́n wà lórí pẹpẹ dòní. Bí ẹnì kan bá ń kà wọ́n, bí kò sì sẹ́ni tó ń kà wọ́n, wọ́n wà níbẹ̀.

Èmi ni mo kọ ìjábọ̀ iṣẹ́ náà. Orúkọ Alóǹtẹ̀ àti ti Ọ̀gá Ẹ̀rọ ló wà lábẹ́ rẹ̀, torí olórí ẹ̀ka nìkan ló ń fọwọ́ sí ìjábọ̀. Mo gbọ́ pé Bàbá Ìran ń fi í ṣe àpẹẹrẹ àjùmọ̀ṣe níbi tó bá ti ń kọ́ àwọn ènìyàn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Wọ́n ní ẹni tó bá ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, kò sí àǹfààní mọ́ láti kọ́ ọ níṣẹ́ aṣáájú.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Akọ̀wé katalọ́ọ̀gì onípò kejì ni wọ́n kọ sínú ìwé ìfẹ̀yìntì mi, ipò tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà tí mo fi ṣe olórí kò sí nínú rẹ̀.